Ẹ Má Ṣe Bu Ọtí fún Atukọ̀



Ní àkókò ọdún àti àkókò ìgbéyàwó, ó ti di àṣà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa láti kó owó jọ kí a sì háyà ọkọ̀ ojú omi fún ìgbafẹ́. Àwọn tí ń gbé ní Èkó a háyà ọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay tàbí Ìlàṣẹ. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù a háyà ọkọ̀ lórí Odò Thames láti fi ṣe ọjọ́ ìbí. A óò gbé oúnjẹ sínú ọkọ̀, a óò gbé orin síbẹ̀, a óò sì gbé ọtí pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ayọ̀ kò dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté: nínú gbogbo àwa tí a wà nínú ọkọ̀ yìí, ta ni ó lè mu ọtí, ta ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án, ta ni yóò sì dáhùn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn. A kò wá láti dá ọtí lẹ́bi. Olúwa wa kò kọ wáìnì níbi ìgbéyàwó Kánà, Ìjọ kò sì kọ́ wa pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn mu ọtí níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń mu ọtí, àti iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń mu ún, a máa yí ọ̀rọ̀ padà. Ọtí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára nígbà tí onílé mu ún nínú ìyẹ̀wù rẹ̀ lè di ọ̀fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá ọkọ̀ ni ó mu ún lójú omi.

ORÍṢI HÁYÀ MÉJÌ

Kí a tó sọ̀rọ̀ òfin, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń pè ní háyà. Oríṣi méjì ni ó wà. Èkínní ni pé kí a san owó ọkọ̀ pẹ̀lú owó àwọn tí yóò tù ú. Ní irú èyí, èrò ni àwa jẹ́; ọ̀gá ọkọ̀ ni ó ni àṣẹ. Owó wa ni a fi háyà ọkọ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò ra àṣẹ rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá ní kí a jókòó, a óò jókòó. Bí ó bá ní òjò ń bọ̀, kí a padà, a óò padà. Bí ó bá sì ní ọtí tó, ọtí tó nìyẹn.

Èkejì ni pé kí a gba ọkọ̀ lásán láìsí atukọ̀, kí ọ̀kan nínú wa sì máa tù ú. Èyí wọ́pọ̀ ní òkè òkun. Ẹni tí ó bá di ìtọ́kọ̀ mú nínú irú háyà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò mọ́. Òun ni ó di ọ̀gá ọkọ̀, ẹrù ẹ̀mí gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ sì ti di ti orí rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni à ń bá ṣe ọjọ́ ìbí, kò lè sọ pé, "Àríyá tèmi ni, mo sì gbọ́dọ̀ mu." Bí ó bá fẹ́ mu, kí ó wá ẹlòmíràn tí yóò tu ọkọ̀.

ÒRU ỌJỌ́ KAN LÓRÍ ODÒ THAMES

Ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan tí ń jẹ́ Marchioness wà lórí Odò Thames ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ti háyà rẹ̀ fún àríyá ọjọ́ ìbí. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Bowbelle, ọkọ̀ ńlá tí ń wa iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ láti ìsàlẹ̀ òkun, ń bọ̀ lẹ́yìn wọn lójú odò kan náà. Kí agogo méjì òru tó lù, Bowbelle ti kọ lu Marchioness, ó sì tẹ̀ ẹ́ rì. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ náà fi wọ inú omi lọ. Ènìyàn 51 ni ó kú. Ẹni tí a torí ọjọ́ ìbí rẹ̀ háyà ọkọ̀ wà lára wọn. Títí di òní, òkúta ìrántí wọn wà nínú Kàtídírà Southwark ti Ìjọ Áńgílíkà, tí kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ náà ti rì.

Ìwádìí fi hàn pé wọn kò ṣọ́nà bí ó ti yẹ nínú ọkọ̀ méjèèjì, àti pé ibi tí ẹni tí ń tu ọkọ̀ ń dúró sí nínú wọn kò jẹ́ kí ó rí àyíká rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún hàn síta tí ó dun àwọn ẹbí òkú gidigidi. Ọ̀gá ọkọ̀ Bowbelle ti mu bíà ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ṣáájú, oorun díẹ̀ ni ó sì sùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru. A gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí pé wọ́n ní kò ṣe ètò ìṣọ́nà tí ó péye. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará ìlú tí a yàn láti dá ẹjọ́ kò lè fohùn ṣọ̀kan, a sì dá a sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọtí ni ó rì ọkọ̀ náà. A kò gbọdọ̀ dá ẹni tí ilé ẹjọ́ kò dá lẹ́bi lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Láti ọdún 1967 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìwọ̀n pàtó lélẹ̀ fún ọtí tí ó lè wà nínú ara ẹni tí ń wa mọ́tò. Ẹni tí ó gbé ènìyàn mẹ́rin sínú mọ́tò rẹ̀ mọ ibi tí òfin pa ààlà sí. Ní ọdún 1989, ìyẹn ọdún 22 lẹ́yìn náà, kò tíì sí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń tu ọkọ̀ tí ó gbé ọgọ́rùn-ún ènìyàn.

ÒFIN TÍ Ó TI IBẸ̀ JÁDE

Àwọn ẹbí òkú kò dákẹ́. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí ìjọba tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní gbangba. Nígbà tí ó yá, a gbé iṣẹ́ náà lé Onídàájọ́ Clarke lọ́wọ́, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2000 àti ọdún 2001. Lára ohun tí ó dámọ̀ràn ni pé kí òfin pa ààlà fún ọtí mímu àwọn atukọ̀. Ní ọdún 2002, a gbé àwọn ọkọ̀ ìgbanilà sí ibi mẹ́rin lórí Odò Thames, kí ẹni tí ó bá ṣubú sínú omi má bàa dúró pẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Ní ọdún 2003 ni òfin ọtí náà jáde.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa òfin náà. Èkínní, ó de ọ̀gá ọkọ̀, ó de àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́, ó sì de ẹni tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ní ẹnu èbúté. Èkejì, kò yọ òṣìṣẹ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtí náà sílẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé òun ni yóò gba èrò là nígbà tí ewu bá dé. Ìtumọ̀ èyí ni pé, bí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tilẹ̀ ń sinmi, bí ìsinmi rẹ̀ bá jẹ́ lójú omi pẹ̀lú àwọn èrò, ara rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá rú òfin náà lè lọ sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún méjì.

Ní ti ìwọ̀n, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní ìlú Manila ní ọdún 2010, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ààlà kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ààlà tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2015 kí ó lè bá a mu: ọtí tí ó wà nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ. Mílígíráàmù 80 ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Ẹ̀ṣọ́ Etíkun ilẹ̀ náà ni ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ń tu ọkọ̀ ara rẹ̀ fún ìgbafẹ́ kò gbọdọ̀ ní tó mílígíráàmù 80 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tu ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ìgbafẹ́ ara rẹ̀, irú bí ọkọ̀ tí ń gba owó lọ́wọ́ èrò, ìdajì ìyẹn ni ààlà tirẹ̀, ìyẹn mílígíráàmù 40. Nínú àwọn ọkọ̀ èrò tí ìjọba gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bí kò bá tíì pé wákàtí mẹ́rin tí ó mu ọtí kẹ́yìn, ìbáà ṣe ife kan péré.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ń sọ. Bí ènìyàn bá ti gba owó láti gbé ọmọ ẹlòmíràn lójú omi, ààlà rẹ̀ a máa súnmọ́ ọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹni tí a fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́ kò ní òmìnira kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó fi ẹ̀mí lé e lọ́wọ́.

ÌDÍ TÍ ỌTÍ FI BURÚ LÓJÚ OMI JU ORÍ ILẸ̀ LỌ

Àwọn baba wa sọ pé, kí ojú má rí ibi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Òwe tí ó péye ni fún orí ilẹ̀. Lójú omi, níbo ni ẹsẹ̀ yóò gbé ni lọ? Oògùn tí ó kù fún ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ojú tí ó ríran, etí tí ó gbọ́ràn, àti ọpọlọ tí ó jí pépé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí gan-an ni ọtí kọ́kọ́ ń bà jẹ́.

Oòrùn, afẹ́fẹ́, ariwo ẹ̀rọ àti mímì ọkọ̀ a máa rẹ ara láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Bí ọtí bá bọ́ sórí irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ a tètè hàn ju bí ó ti máa ń hàn nílé lọ. Lóru, iná pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀, iná àwọ̀ ewé sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Wọ́n ni atukọ̀ fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ tí ó pàdé rẹ̀ dojú kọ. Ọtí a máa mú kí ó ṣòro láti dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Bí ẹni tí ó ti mu ọtí bá ṣubú sínú omi, ó lè má mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Bí omi bá tutù, ooru ara rẹ̀ a tètè jáde, nítorí pé ọtí a máa ṣí àwọn òpójẹ̀ tí ó wà ní abẹ́ awọ. Ẹni náà a rò pé ara òun móoru, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tutù lọ.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà. Kò sí ohun tí ń mú ọtí tètè kúrò nínú ara. Kọfí kò lè ṣe é, ìwẹ̀ omi tútù kò lè ṣe é, ọbẹ̀ ata gbígbóná kò sì lè ṣe é. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń ṣe é: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí kan fún ife kékeré kan. Nítorí náà, atukọ̀ tí ó mutí yó ní òru Sátidé lè ṣì ní ọtí lára nígbà tí ó bá gbé wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí ó tilẹ̀ ti wẹ̀ tí ó sì ti jẹun.

ÀWỌN ÈRÒ ŃKỌ́?

Ẹnìkan lè sọ pé, "Bí ó bá jẹ́ pé atukọ̀ ni òfin de, èmi tí mo jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè mu bí mo ti fẹ́." Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ní ibi púpọ̀, òfin kò sọ pé kí èrò má mu ọtí nínú ọkọ̀ tí a háyà. Ṣùgbọ́n òfin kò fi í sílẹ̀ láìní olùdarí. Òfin ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1995 fún ọ̀gá ọkọ̀ èrò ní agbára láti kọ ẹni tí ó ti mutí yó tí ó lè yọ àwọn yòókù lẹ́nu tàbí kí ó ṣe wọ́n léṣe, àti láti sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní èbúté tí ó bá rọrùn. Àwọn oníkọ̀ pẹ̀lú a máa kọ ọ̀rọ̀ ọtí sínú ìwé àdéhùn wọn. Òmíràn kò gba ìgò láàyè, nítorí àfọ́kù rẹ̀. Òmíràn fẹ́ kí a ra ọtí nínú ọkọ̀ nìkan. Òmíràn sọ pé bí èrò bá mutí yó, ọkọ̀ yóò padà sí èbúté, a kò sì ní dá owó padà. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìkà á ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun tí kò mọ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, NIWA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1997 láti mójú tó ojú omi inú ilẹ̀, kò gba ìrìn-àjò òru láàyè fún ọkọ̀ èrò, ó sì paṣẹ kí èrò wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó. Bí àwọn ìlànà méjì yìí kò tilẹ̀ dárúkọ ọtí, ọtí ni ó máa ń mú ni rú wọn. Ọtí ni ó ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a ṣe wákàtí kan sí i," títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọtí náà ni ó ń sọ pé, "Ooru ń mú mi," tí èrò fi ń bọ́ ẹ̀wù tí ó yẹ kí ó gbà á là.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó KAN ÀṢÀ WA

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá jù lọ nìyí. A kò kọ́ wa láti máa jẹ, kí a máa mu, kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún wa sì máa wò wá lẹ́nu. Ìwà àìmọ̀kan ni lójú wa. Nítorí náà, bí àríyá bá ti ń gbóná, ìyá ọlọ́jọ́ ìbí a gbé ìgò bíà kan, a sì tọ atukọ̀ lọ.

"Bàbá atukọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gba èyí kí ẹ fi rẹ ọ̀fun."

"Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Ẹ bá mi gbé e pamọ́. Bí mo bá gbé gbogbo yín gúnlẹ̀ láyọ̀, n óò gba tèmi."

Nígbà náà ni ẹnìkan a fi ẹ̀rín sọ láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ìgò kan péré! Àbí ẹ kò bá wa yọ̀ ni?"

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ipò tí a fi ọkùnrin náà sí. Bí ó bá kọ̀, a óò ní ó gbéraga. Ó sì ń retí pé a óò tún pè é ní ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá gbà, ó ti fi ẹ̀mí ogójì ènìyàn tọrẹ nítorí kí a má bàa bínú sí i. Ẹni tí ó bu ọtí náà kò ní èrò ibi. Inú rere ni ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n inú rere tí kò ní ìmọ̀ ni. Ọlọ́jọ́ ìbí gan-an ni ó yẹ kí ó dìde ní ìṣẹ́jú náà kí ó sì wí pé, "Ẹ fi Bàbá sílẹ̀. Àwa ni a ni àríyá. Ẹ̀mí wa ni iṣẹ́ tiwọn." Kí a bu omi tútù fún atukọ̀, kí a fún un ní oúnjẹ tí ó dára jù lọ nínú ọkọ̀, kí a sì fi ẹ̀bùn owó kún owó rẹ̀ nígbà tí a bá gúnlẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí atukọ̀ nìyẹn.

ÌLÀNÀ FÚN ÀWỌN TÍ Ó FẸ́ HÁYÀ ỌKỌ̀

Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ háyà ọkọ̀ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí a tó sanwó, kí a bi oníkọ̀ léèrè ohun tí ìlànà rẹ̀ sọ nípa ọtí, kí a sì sọ fún un pé a kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan mu ún ní ọjọ́ náà.

2. Kí a yan ènìyàn méjì nínú ẹgbẹ́ tí kò ní fi ẹnu kan ọtí rárá. Kí wọ́n ka èrò nígbà ìwọlé, kí wọ́n sì kà á nígbà àbọ̀.

3. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ó má sì bọ́ ọ títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

4. Kí oúnjẹ ṣáájú ọtí, kí omi mímu sì pọ̀ ju ọtí lọ.

5. Kí ẹni tí ó ti mu ọtí má ṣe wẹ̀ nínú omi, kí a má sì fi ọmọdé sí ìtọ́jú rẹ̀.

6. Kí a dá àkókò àbọ̀ sí ìgbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú, kí a má sì yẹ̀ ẹ́ nítorí ẹnikẹ́ni.

7. Bí a bá dé èbúté tí a sì gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu atukọ̀, kí a má wọ ọkọ̀.

Ìlànà keje yìí ni ó ṣòro jù. A ti sanwó, a ti wọ aṣọ ẹbí, àwọn ọmọ ti ń fò fún ayọ̀, oúnjẹ ti wà nínú ọkọ̀. Ó gba ìgboyà kí ènìyàn kan dìde láàárín irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó sì sọ pé, "A kò lọ mọ́." Wọn yóò bínú sí i, wọn yóò sì pè é ní abayọ̀jẹ́. Kí ó fara dà á. Owó tí ó bá ṣòfò, ọdún tí ń bọ̀ yóò mú òmíràn wá. Ilé tí ó sin ọmọ mọ ohun tí kò lè padà wá.

FÚN ÀṢÀRÒ NÍLÉ

Kí bàbá àti ìyá bi àwọn ọmọ wọn tí ó ti dàgbà ní ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí níbi oúnjẹ ọ̀sán òní. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo háyà ọkọ̀, ta ni n óò jẹ́ kí ó bu ọtí fún atukọ̀? Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń tu ọkọ̀, báwo ni n óò ṣe kọ̀ ọ́ láìsí ìjà? Bí ó bá sì jẹ́ pé èrò lásán ni mo jẹ́, ǹjẹ́ mo ní ìgboyà láti sọ̀ kalẹ̀?

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìgò atukọ̀ máa dúró dè é ní èbúté.